Kí a tó ra sẹ́fò kan ṣoṣo: ìrírí mi lórí rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń kọ́kọ́ bi mí, bí wọ́n bá rí rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí mo ń fi rìmóòtù darí, ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ wo lẹ fi sí i, ṣé Arduino ni àbí Raspberry Pi?” Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kéékèèké tí a fi ń darí ẹ̀rọ ni méjèèjì. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìparí ètò ni mo máa ń fi í sí. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi yé mi ni pé ìwọ̀n ni a ó kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà: bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe wúwo tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe nà síta tó, àti iye iná tí yóò máa jẹ nígbà tó bá gbé ikùn kúrò nílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bára mu lórí ìwé, ọpọlọ tí owó wa bá ká lè darí rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kò sí ọpọlọ tó lè gbé e dìde.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Rọ́bọ́ọ̀tì onítáyà lè dúró lórí táyà rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìjẹ iná kankan láti fi gbé ara rẹ̀ ró. Bó bá sì wúwo ju bó ti yẹ lọ, yóò kàn máa fà lójú ọ̀nà ni. Ti ẹlẹ́sẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti dìde, oríkèé rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ì báà máa rìn, ì báà dúró sójú kan. Bí ìwọ̀n bá fi díẹ̀ kọjá agbára oríkèé, kì í ṣe pé yóò rìn díẹ̀díẹ̀. Yóò gbọ̀n, yóò gbóná, yóò sì jókòó.

Apá mẹ́ta ni mo pín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí: ìbàdí, itan àti ojúgun. Oríkèé ìbàdí ló ń yí ẹsẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, oríkèé itan ló ń gbé e sókè tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orúnkún ló sì ń na ojúgun síta tàbí kó o wọlé. Sẹ́fò kan ní oríkèé kan, ẹsẹ̀ mẹ́fà ní oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, sẹ́fò 18 nìyẹn. Fún ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan sẹ́fò rí, àpótí kékeré kan ni, tí mọ́tò, jíà àti ohun tó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀pá rẹ̀ yí dé jọ wà nínú rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló ń jáde lára rẹ̀: búráùn tàbí dúdú jẹ́ gíráńdù (ọ̀nà tí iná ń gbà padà), pupa ń gbé iná, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò ló ń gbé àṣẹ. Ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ máa ń wọlé, bí àṣẹ náà bá sì ṣe pẹ́ tó ni ọ̀pá yóò fi mọ ibi tí yóò yí sí. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, yóò yí sí apá kan. Bó bá jẹ́ ìdá méjì, yóò yí sí apá kejì. Bó bá jẹ́ ìdá kan ààbọ̀, yóò dúró sí àárín.

Nǹkan tó yẹ ká wò lára sẹ́fò kí a tó wo owó rẹ̀ ni agbára ìyí, èyí tí wọ́n ń fi kílò-sẹ̀ǹtímítà kọ. Sẹ́fò tó ní kílò-sẹ̀ǹtímítà 10 lè dá kílò 10 dúró níbi tó jìnnà sí ọ̀pá rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá bọ́ sí ibi sẹ̀ǹtímítà 10, kílò kan péré ni ó kù tó lè gbé. Ẹni tó bá ti gbé garawa omi mọ́ra, tó wá gbìyànjú láti na ọwọ́ rẹ̀ síta pẹ̀lú garawa kan náà, ti mọ ohun tí mò ń sọ. Kókó mìíràn tó fara pamọ́ ni pé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé sẹ́fò ni iye tí ó ti ń kọ̀ láti yí mọ́, tí gbogbo iná tó ń wọlé ń di ooru. Ìdajì iye yẹn ni mo máa ń kà sí tèmi. Àwọn kan máa ń ka ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn. Sẹ́fò wọn ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀rọ tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Sẹ́fò tí mo kọ́kọ́ gbé lé orí ìwé ni MG996R, nítorí ó wọ́pọ̀, jíà rẹ̀ jẹ́ irin, owó rẹ̀ kò sì ga. Gíráàmù 55 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà sẹ́fò 18 nìkan ti jẹ́ gíráàmù 990. Nígbà tí mo fi férémù, bátìrì, bọ́ọ̀dù, wáyà àti àìmọye síkúrúù kún un, ìwọ̀n náà rọra dé kílò 2. Bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà bá ń rìn lọ́nà tó yá jù lọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa ń wà nílẹ̀, mẹ́ta yóò sì wà lókè: ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ní apá kan, ti àárín ní apá kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín kílò 2 sí ọ̀nà mẹ́ta, wọn a sì rò pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé bíi gíráàmù 670. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ àárín ló dá wà ní apá tirẹ̀, òun nìkan ló gbé ìdajì gbogbo ara, ìyẹn kílò kan gbáko. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá jìnnà sí oríkèé itan ní sẹ̀ǹtímítà 10, agbára ìyí tí oríkèé náà nílò jẹ́ kílò-sẹ̀ǹtímítà 10. MG996R ní 9.4 nígbà tí a bá fún un ní fólítì 4.8, ó sì ní 11 ní fólítì 6. Ẹ̀rọ náà kò ní dìde, bó bá sì dìde, kò ní pẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ tí ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kó ra sẹ́fò 18 tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó á sì gọbọi. Mo jókòó ti ìwé ìṣirò mi, mo sì wo iṣẹ́ tí oríkèé kọ̀ọ̀kan ń ṣe gan-an. Oríkèé ìbàdí ń yí ẹsẹ̀ síwájú sẹ́yìn lórí ọ̀pá tó dúró ṣánṣán. Kì í gbé ìwọ̀n ara sókè rárá, ó kàn ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn ni. Orúnkún náà kò ní wàhálà tó pọ̀ bí ojúgun bá dúró lóòró, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ á wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Oríkèé itan ni gbogbo ẹrù já lé léjìká. Nítorí náà, MG996R ni mo fi sí ìbàdí àti orúnkún, mo sì wá sẹ́fò tó ní kílò-sẹ̀ǹtímítà 20 fún itan mẹ́fà nìkan. Gíráàmù 60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwọ̀n tí wọ́n fi kún ara kò ju gíráàmù 30 lọ. Lẹ́yìn náà mo fa àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti sẹ̀ǹtímítà 10 sí 7. Ohun tí itan nílò wálẹ̀ sí 7, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 20. Ìṣísẹ̀ ẹ̀rọ náà kúrú sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn fún àkókò tó gùn láìgbóná.

Ẹni tí owó kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè dín iye oríkèé kù pátápátá. Ní 1989, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Rodney Brooks àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan tí wọ́n sọ ní Genghis. Bíi kílò kan ni, mọ́tò méjì péré ló sì wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀, síbẹ̀ ó ń gun orí ohun ìdènà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kékeré tún wà, tí a lè fi sẹ́fò MG90S 12 ṣe. Gíráàmù 13.4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo sẹ́fò náà pa pọ̀ kò tó gíráàmù 165, ẹ̀rọ náà sì lè parí sí nǹkan bí ààbọ̀ kílò. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbé ìdajì ààbọ̀ kílò ní sẹ̀ǹtímítà 4, kílò-sẹ̀ǹtímítà kan péré ni, sẹ́fò náà sì ní 2.2 ní fólítì 6. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni mo máa ń dámọ̀ràn, nítorí bó bá ṣubú, kò sí ohun tí yóò kán níbẹ̀ tí kò ṣeé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Ìṣirò dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe kí n tó ra ohun tó kù. Mo fi kílámpù de ìbàdí ẹsẹ̀ náà mọ́ etí tábìlì, mo na itan rẹ̀ gbọọrọ síta, mo sì fi okùn so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rọ̀ sí orí rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ọ̀pá sẹ́fò ní sẹ̀ǹtímítà 10. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ààbọ̀ kílò géérégé, kò sì sí ibi tí a kò ti lè rí i rà. MG996R gbé ọ̀rá kan láìpariwo. Nígbà tí mo so èkejì mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, itan náà ń gbọ̀n rìrì, orí rẹ̀ sì ń rọra tẹ̀ sílẹ̀ bí omi inú ọ̀rá náà ti ń mì. Mo fi ìka kan ẹ̀yìn àpótí sẹ́fò náà, mo sì yára fà á kúrò. Sẹ́fò oní-20 gbé ọ̀rá méjì kan náà, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi píọ̀ wọ́tà dán sẹ́fò wò kí n tó dè é mọ́ ara ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí kì í fi gbogbo ìgbà bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu, nítorí ayédèrú pọ̀ káàkiri. Mo ti rí MG996R tí kò wọn tó gíráàmù 55 lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, jíà irin kò sì lè fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ láìnídìí.

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dojú rú. Bí MG996R bá ń yí lábẹ́ ẹrù tó mọ níwọ̀n, yóò máa fa áńpù 0.5 sí 0.9, bó bá há, yóò fa tó áńpù 2.5. Sẹ́fò 18 tó há lẹ́ẹ̀kan náà yóò fẹ́ áńpù 45. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kí gbogbo wọn há pọ̀, nítorí náà mo ń ṣètò fún áńpù 15 tí yóò máa lọ déédéé àti 20 fún ìgbà díẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń rẹ fólítì sílẹ̀, èyí tí orúkọ LM2596 wà lára áísì rẹ̀, tó sì kún inú ọjà, áńpù 3 ni òpin agbára rẹ̀. Ẹni tó bá so sẹ́fò 18 mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀rọ náà á dìde dé ìdajì, iná ara bọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú, ọpọlọ rẹ̀ á sì kú, á tún jí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kú tí yóò máa jí. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa wá ohun tó bàjẹ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ, nígbà tó jẹ́ pé fólítì ló ń wó lulẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn itan bá dìde pọ̀.

Bí mo ṣe pín tèmi nìyí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta apá òsì ní bọ́ọ̀dù arẹ-fólítì tirẹ̀ tó lè gbé áńpù 10, ẹsẹ̀ mẹ́ta apá ọ̀tún ní tirẹ̀, méjèèjì sì ń mú fólítì wá sí 6. Ọpọlọ ní bọ́ọ̀dù kékeré mìíràn tó dá wà, kí ebi má baà pa á nígbà tí àwọn ẹsẹ̀ bá ń jẹun. Gbogbo gíráńdù wọn gbọ́dọ̀ pàdé síbì kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ kò ní yé sẹ́fò, yóò sì máa jà pìtì-pìtì. Bọ́ọ̀dù PCA9685 ni mo fi ń pín àṣẹ. Sẹ́fò 16 ni ọ̀kan lè darí, wáyà méjì péré ló sì so ó pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Nítorí pé 18 ni tèmi, méjì ni mo lò, mo fi sọ́dà pa ojú A0 pọ̀ lára ìkejì kí nọ́ńbà tí ọpọlọ fi ń pè é lè yí láti 0x40 sí 0x41. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí iná tí àwọn ẹsẹ̀ ń jẹ gba ojú bọ́ọ̀dù yìí kọjá, nítorí ojú ọ̀nà bàbà tó wà lára rẹ̀ tínrín jù fún irú áńpù bẹ́ẹ̀. Wáyà tó nípọn ni mo fi gbé iná lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ sẹ́fò, mo fi kapásítọ̀ oní-1000 µF sí apá kọ̀ọ̀kan láti gba ìpayà àkọ́kọ́, mo sì ra fíúsì mọ́tò áńpù 20 lọ́dọ̀ rìwáyà kan, mo fi í sí ẹnu bátìrì gan-an.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì méjì ni mo yàn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ fólítì 3.7 lórúkọ, 4.2 nígbà tó bá kún, nítorí náà bátìrì náà jẹ́ 7.4, ó sì lè dé 8.4, tó ga ju ohun tí MG996R lè gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù arẹ-fólítì fi pọn dandan. Tèmi jẹ́ 2200 mAh (áńpù 2.2 fún wákàtí kan), wọ́n sì kọ 25C sí i lára, ìyẹn ni pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó lè tú ìlọ́po 25 iye yẹn, áńpù 55, jáde. Àkókò tí ó lè lò ni kò gùn: bí ẹ̀rọ bá ń fa áńpù 10, ìṣẹ́jú 13 ni yóò gbẹ, bẹ́ẹ̀ a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá já sísàlẹ̀ fólítì 3 ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni mo kà sí i. Ó máa ń wu ènìyàn láti gbé bátìrì tó tóbi ju ìlọ́po méjì èyí lọ sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ yóò gorí itan, itan yóò fa iná sí i, a ó sì tún padà sídìí ìṣirò. Bátìrì méjì kéékèèké tí mo ń pààrọ̀ ló bá mi lára mu jù.

Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ mi ló ń tú sẹ́ẹ̀lì 18650 (sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù roboto) jáde nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́, nítorí ó pọ̀ ní Alábà àti ní Computer Village ní Ìkẹjà, owó pọ́ọ́kú sì ni. Sẹ́ẹ̀lì náà dára fún tọ́ọ̀ṣì àti fún rédíò, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kì í fa iná lójijì bí itan mẹ́fà ti í fà á. Wọn kò ṣe é fún un. Bí a bá fẹ́ lo 18650, sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì dírìlì aláìlówáyà sàn jù ú lọ, a ó sì fi iye rẹ̀ kún ìwọ̀n, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 45.

Bátìrì yìí kan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú gbogbo ohun èlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo máa ń dè mọ́ ẹ̀rọ gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2016 ni òfin ìrìnnà ojú òfúrufú lágbàáyé ti ka bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó bá dá rìn léèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàálù tó ń gbé èrò. Bàálù akẹ́rù nìkan ló lè gbé e, iná inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí sẹ́fò àti bọ́ọ̀dù tí a jọ pàṣẹ fún yóò fi ti dé tipẹ́ kí bátìrì tó yọjú. Ẹ̀rọ ìgbaná tí wọ́n ń pè ní B6 náà tọ́ sí ètò: ó ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ọ̀kan má baà kún ju èkejì lọ, ó sì lè jẹ iná láti ara bátìrì ọkọ̀ onífólítì 12, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí a kò ti lè sọ ìgbà tí wọn yóò mú iná dé.

Lórí férémù, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Perspex, ike líle tó dà bíi gíláàsì, nítorí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù orúkọ ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó lè gé e bí a bá ṣe yà á. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ojú síkúrúù ló ti máa ń là. Àlùmíníọ́ọ̀mù tó nípọn mílímítà 2 àti Perspex tó nípọn mílímítà 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn bákan náà, èyí àkọ́kọ́ kì í sì í là. Mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé, mo ní kó bá mi gé àjẹkù rẹ̀. Ó wo àwòrán mi títí, ó ní, “Bọ̀dá, irú fèrèsé wo lẹ fẹ́ fi pélébé-pélébé yìí ṣe?” Mo ní fèrèsé tó ń rìn ni. Ike PLA tí wọ́n fi ń tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ 3D dára fún ìgbìdánwò, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ ní ìwọ̀n ooru 60, inú ọkọ̀ tí a páàkì sínú oòrùn ọ̀sán sì lè sún mọ́ ibẹ̀.

Ohun kan wà nínú férémù tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ṣe é lọ. Ọ̀pá sẹ́fò apá kan ṣoṣo ló ti ń jáde. Bí a bá so itan mọ́ ọ̀pá yẹn nìkan, gbogbo ìwọ̀n ara yóò máa tẹ ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́, eyín jíà yóò sì tètè jẹ. Ẹ̀yìn sẹ́fò, ní ìdojúkọ ọ̀pá náà gan-an, ni mo máa ń fi béárìn kékeré sí, kí apá méjèèjì lè jọ gbé itan. Ó fi síkúrúù àti béárìn kún ẹrù, ṣùgbọ́n oríkèé náà ò ní máa mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Abẹ́ ẹsẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ táìlì máa ń yọ̀ lábẹ́ irin, nítorí náà mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí fọkanáísà kan fún mi, mo sì fi wọ àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti rìmóòtù, ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn pé sẹ́fò 18 yóò fẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì (ọ̀nà tí àṣẹ kan ń gbà) 18. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí yóò lè darí rẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1960, Ralph Mosher ti ilé-iṣẹ́ General Electric ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ńlá kan fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Awakọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì tirẹ̀ darí ẹsẹ̀ mẹ́rin ẹ̀rọ náà, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ kíákíá. Lónìí, èrò ọkàn wa nìkan ni rìmóòtù ń rán lọ: síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì, yíyí sójú kan, àti bí ikùn yóò ṣe ga tó. Ọpọlọ ara ẹ̀rọ ni yóò ṣe ìṣirò bí oríkèé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe yí. Mẹ́rin nìyẹn, fi súwíìsì kan fún irú ìrìn àti ọ̀kan fún dídìde àti jíjókòó, ó di mẹ́fà, rìmóòtù oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà bíi FS-i6 sì tó o. Mo ti fi fóònù darí rẹ̀ pẹ̀lú Bluetooth, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò lè mọ ibi tó wà lójú gíláàsì, oòrùn kì í sì í jẹ́ ká rí ojú fóònù. Ọ̀pá ìdarí tó ń padà sí àárín fúnra rẹ̀ kò láfiwé.

Ọpọlọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí wá kù. Arduino Uno R3 ní ìrántí tí kò ju KB 2 lọ, iyàrá rẹ̀ sì jẹ́ MHz 16. Ó lè rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ó sì lè rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà bí a bá ṣọ́ ètò rẹ̀ kọ. ESP32, bọ́ọ̀dù kékeré mìíràn, ni mo lò, nítorí MHz 240 rẹ̀ kò jẹ́ kí ìṣirò igun oríkèé nira rárá, Wi-Fi àti Bluetooth sì wà nínú rẹ̀. Raspberry Pi wúlò bí a bá fẹ́ kó fi kámẹ́rà wo iwájú. Bí kò bá sí kámẹ́rà, ẹrù àti iná tí a fi tọrẹ ni.

Ohun tó gbẹ̀yìn nínú ètò mi ni ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí rìmóòtù bá sọnù sí i. Bí ti onítáyà bá pàdánù rìmóòtù, a lè gé iná rẹ̀, yóò sì dúró. Bí a bá gé iná ẹlẹ́sẹ̀, yóò wó lulẹ̀ láti orí ìdúró rẹ̀, bátìrì ni yóò sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo ṣe tèmi kó jẹ́ pé bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá bá kọjá láìgbọ́ ohùn rìmóòtù, yóò dá ìrìn dúró, yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, yóò rọra sọ ikùn kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú OE lára àwọn bọ́ọ̀dù PCA9685 yóò tó dá àṣẹ dúró kí sẹ́fò lè sinmi. Ohun kan náà ni yóò ṣe bí sẹ́ẹ̀lì bátìrì bá já sí fólítì 3.4. Súwíìsì ńlá tó ń gé gbogbo iná wà ní orí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí ọwọ́ ti lè dé e láìgba àárín àwọn ẹsẹ̀ kọjá, nítorí oríkèé itan tó lè gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì lè fún ìka ọmọdé mọ́ ara férémù.